Ègbè Gbé Lílé: Alẹ́ Ìdágbére Black Sabbath ní Birmingham

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ olórin Black Sabbath ṣe eré àṣekágbá wọn ní pápá ìṣeré Villa Park, ní àdúgbò Aston, ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 17 lẹ́yìn náà, Ozzy Osbourne, ẹni tí ń lé orin fún ẹgbẹ́ náà, papòdà. Ẹni ọdún 76 ni. Láti ìgbà náà ni a ti ń ka ìdárò lóríṣiríṣi ní èdè Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ikú sì ti bo eré náà mọ́lẹ̀ débi pé ó ṣòro fún ẹni tí kò wò ó láti mọ bí ó ti rí. Àwa kò ní dárò níhìn-ín. Eré náà gan-an ni a fẹ́ yẹ̀ wò, bí a ti í yẹ eré wò nílé wa: ta ni ó lé orin, ta ni ó gbè é, ibo ni ó ti dùn, ibo ni ó ti tú.

A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé a kò dé Birmingham. Àgbàlá ẹlẹgbẹ́ wa kan tí ń kọ́ni ní físíìkì ni a ti wò ó, ní Àjàṣẹ́, lórí aṣọ funfun kan tí a so mọ́ ògiri. Àwọn tó ṣètò eré náà tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 25. Àwa márùn-ún dá 4.000 fáráǹ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àkókò tí a ń yẹ ìwé ìdánwò wò ni, ojú ń ta wá, ẹ̀yìn ń ro wá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ pé òun kò ní wá. A yá gbohùngbohùn ńlá méjì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń gbé e fún àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tí ó gbọ́ irú orin tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́, ó ní kí a fi owó díẹ̀ kún un, nítorí pé irú orin bẹ́ẹ̀ a máa já ẹ̀rọ ní ọkàn.

Ó yẹ kí a sọ ohun kan nípa àkókò. Nínú oṣù Keje, aago Birmingham àti aago Àjàṣẹ́ kò yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n àwọn olùṣètò mọ̀ọ́mọ̀ dá àwòrán náà dúró fún wákàtí méjì kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Ozzy yọ sí wa lórí aṣọ funfun, àwọn tó rí i lójúkojú ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn relé. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ a ń pariwo mọ́ ọn bí ẹni pé yóò gbọ́ wa.

Àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa yóò béèrè pé kí ni ó pa ọmọ Kétu pọ̀ mọ́ irú orin yìí. Láti lìsé ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wa kan ló mú àwo kan wá láti Kútọnu, àwo tí ẹnì kan ti dà kọ, tí ó sì fi ọwọ́ kọ orúkọ sí lójú. A gbọ́ ọ títí ó fi há. Àwọn ará ilé ní orin wèrè ni. Pásítọ̀ kan ní àdúgbò sọ èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé orúkọ ẹgbẹ́ náà ń dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n ara fíìmù ni wọ́n ti mú un, fíìmù adẹ́rùbani kan tí Mario Bava ṣe ní 1963, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn a máa fi owó ara wọn ra ẹ̀rù. Ẹni tó bá fi ara balẹ̀ gbọ́ orin wọn yóò bá ogun, ọtí, ìṣẹ́ àti àìsùn níbẹ̀ ju ẹ̀mí òkùnkùn lọ.

Heavy metal ni wọ́n ń pe ẹ̀ka orin yìí, èyíinì ni irin wúwo. Fún àwa tí a mọ ilé alágbẹ̀dẹ, orúkọ náà kì í ṣe àfiwé lásán. Ìlú alágbẹ̀dẹ ni Birmingham. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn tí àwọn oníṣòwò ẹrú kó wá sí etíkun wa ní ọ̀rúndún 18. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti da púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbà idẹ tí Faransé ń pè ní manille, tí wọ́n ń ná bí owó ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. (Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn òwò ẹrú, orúkọ Ouidah àti ti Àjàṣẹ́ a máa jáde, orúkọ Nantes àti Bordeaux a máa jáde, ti Birmingham kì í jáde, ó sì yẹ kí ó jáde.)

Àwọn mẹ́rin tó dá Black Sabbath sílẹ̀ ní 1968 jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ ní Aston, nínú èéfín àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí. Ìyá Ozzy ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Lucas, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò ọkọ̀. Ozzy fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń dán fèrè ọkọ̀ wò, ó sì tún ṣiṣẹ́ ní ilé ìpẹran. Nígbà èwe rẹ̀, ó máa ń ṣọ́ ọkọ̀ fún àwọn tó wá wo bọ́ọ̀lù ní Villa Park náà gan-an, kí wọ́n lè fún un ní kọ́bọ̀. Ní ti Tony Iommi tí ń ta gìtá, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin gé orí ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17, ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún ni ó sì fi ń tẹ okùn gìtá. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi mọ fìlà kéékèèké fún àwọn ìka náà, ó fi awọ bò wọ́n. Nígbà tó yá, ó dẹ okùn gìtá rẹ̀ kí wọ́n lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ohùn gìtá náà bá wálẹ̀, ó wúwo. Ìró tí gbogbo ayé wá ń pè ní irin, inú ọgbẹ́ tí irin dá sí òṣìṣẹ́ irin lára ni ó ti jáde. Bí a bá sọ ìtàn yìí fún alágbẹ̀dẹ kan ní Kétu láìdárúkọ ìlú, yóò ní Ògún ni, kò sì ní béèrè ìbéèrè kejì.

Ọ̀sán ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Tom Morello ni ó ṣètò orin rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ tó wá bu ọlá fún àwọn àgbà sì lé ní mẹ́wàá: Mastodon, Anthrax, Halestorm, Lamb of God, Alice in Chains, Gojira, Pantera, Tool, Slayer, Guns N' Roses, Metallica àti àwọn mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ díẹ̀ lára orin tiwọn, wọ́n sì yá orin àwọn tí à ń bu ọlá fún. A kò ní pẹ́ lórí èyí. Wọ́n ṣe bí àlejò tó mọ ilé tó wá: wọ́n kí onílé, wọ́n fi nǹkan sílẹ̀, wọ́n lọ. Inú wa dùn láti rí Gojira, ará Faransé, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti rí wọn lójú fèrèsé Conciergerie ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje Òlíńpíìkì Paris ní 2024. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ kan ti ń wá bá wa lẹ́yìn kíláàsì láti béèrè orúkọ orin. Nígbà tí ó kan Slayer, íntánẹ́ẹ̀tì wa gan. Ohùn ń lọ, àwòrán dúró gbagidi, a sì ń wo Tom Araya tó la ẹnu sílẹ̀ lójú kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ẹni tí eyín ń ro. Kò sí ẹni tó bínú.

Ohun tí a kò fẹ́ràn ni àwọn àkókò tí wọ́n kó àwọn gbajúmọ̀ láti inú ẹgbẹ́ oríṣiríṣi jọ sórí ìtàgé. Ó dà bí ìnáwó tí akọrin ti pọ̀ ju àlejò lọ, tí olúkúlùkù fẹ́ kí wọ́n ná owó sí òun lórí. Ìgbà kan wà tí onílù mẹ́ta, Travis Barker, Chad Smith àti Danny Carey, ń bá ara wọn díje. Ọwọ́ wọn yá, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n onílù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa gbọ́ ìyáàlù kí ó tó dá sí ọ̀rọ̀. Lórí ìtàgé yẹn, gbogbo wọn ni ìyáàlù, kò sí omele.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Yungblud ni ó kọ́kọ́ mú wa dákẹ́. Orin "Changes" ni ó kọ, orin ìpínyà kan tí Black Sabbath gbé jáde ní 1972, tí kò sí ariwo gìtá nínú rẹ̀ rárá nígbà náà. Kò gbìyànjú láti ju àwọn àgbà lọ. Ó kọ ọ́ bí ẹni tó ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó nà án níbi tó yẹ ní nínà, ó sì jẹ́ kí àwọn èrò bá a gbé e. Ìyàwó onílé wa, tí ó ti ń bínú láti ọ̀sán nítorí ariwo, jáde wá ní àkókò yìí, ó fa àpótí kan, ó jókòó. Kò padà wọlé mọ́.

Ilẹ̀ ti ṣú dáadáa kí Ozzy tó yọ. Abẹ́ ìtàgé ni wọ́n ti gbé e gòkè wá, lórí àga dúdú ńlá kan tó dà bí ìtẹ́, tí wọ́n ṣe àdán sí. Ó lé tìróò, ó wọ aṣọ dúdú. Láti 2020 ni ó ti sọ fún aráyé pé òun ní àrùn Parkinson, èyí tí ń mú ara gbọ̀n, tí í sì í gba ìrìn lẹ́sẹ̀ ẹni. Kò lè rìn mọ́. Ó sọ fún àwọn èrò pé ó ti tó ọdún mẹ́fà tí òun ti wà lórí ìdùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ orin márùn-ún nínú àwọn orin tó ṣe fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò nínú ẹgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ní ìjókòó. Ó ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè lórí àga náà bí ẹni fẹ́ dìde, àga náà ń dá a padà. Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń ya ojú, ó ń ké sí àwọn èrò pé kí wọ́n pariwo, bí ó ti ń ṣe fún àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Nínú ojú rẹ̀ nìkan ni eré ìgbà èwe náà kù sí.

Nígbà tó kan "Mama, I'm Coming Home", ohùn náà tú. Orin pẹ̀lẹ́ ni, kò sí ariwo tí yóò bo àléébù mọ́lẹ̀. Ó ń wá ohùn òkè, kò rí i. Ó ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, èémí ń tán nínú rẹ̀. Omi ń bẹ lójú rẹ̀. Àwọn èrò tó kún pápá náà sì gba orin náà lẹ́nu rẹ̀. Wọn kò gbà á kí ó lè sinmi. Wọ́n gbà á bí a ti í gba ẹrù lórí àgbà, tí a sì tún jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹrù náà. Bí ó bá ti rí ohùn díẹ̀, wọ́n á rẹ̀ sílẹ̀ fún un; bí ó bá ti ṣubú, wọ́n á gbé e.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa níbẹ̀. Onílé wa ní ìtìjú ni wọ́n ń fi àgbàlagbà náà ṣe: ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, inú ilé ni ààyè rẹ̀, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà agbára rẹ̀ lè máa rántí agbára náà. Ẹlòmíràn ní owó ni wọ́n ń wá. A dá a lóhùn pé wọ́n ti kéde pé ti àrùn Parkinson àti ti ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Birmingham ni èrè eré náà, ṣùgbọ́n èyí kò dáhùn ọ̀rọ̀ ti onílé wa. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wúwo. Nílé wa, a kì í fi àìlera àgbà han ọjà.

A kò lè sọ̀rọ̀ lórí èyí bí ẹni tí kò kàn, nítorí pé bàbá wa kékeré kan wà ní Kétu tó ti jẹ́ akọrin ẹ̀fẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní aráyé, ẹ mọ̀ pé alẹ́ ẹ̀fẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀: ọkùnrin kan dúró ní òru, ó ń kọrin ìyìn àti orin èébú títí ilẹ̀ fi mọ́, ìlú ń gbè é. Ọwọ́ bàbá wa kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ohùn rẹ̀ náà sì ń gbọ̀n tẹ̀lé e. Àwọn ẹbí àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ jókòó, wọ́n ní kí ó sinmi, kí ọlá rẹ̀ má baà wọ́lẹ̀. Àwa náà wà níbẹ̀, a sì gbà pé ọ̀wọ̀ ni. Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí. Bí a bá lọ kí i, a ó bá a sọ ọ̀rọ̀ oògùn, a ó bá a sọ ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò. A kì í bá a sọ ọ̀rọ̀ orin.

Nínú kíláàsì, a sábà máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé orin wa ní lílé àti ègbè, àti pé òyìnbó a máa jókòó wo akọrin rẹ̀ bí ẹni ń wo àwòrán. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ wa, ó dùn ún sọ, àwọn ọmọ sì máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Irọ́ ni, tàbí kí a sọ pé kò pé. Àwọn èrò Villa Park mọ iṣẹ́ ègbè. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé wọ́n mọ apá kan nínú iṣẹ́ náà tí àwa ti ń gbàgbé: kì í ṣe láti dá ẹni tí ohùn rẹ̀ le lóhùn nìkan ni ègbè wà fún.

Ẹ gbọ́ "War Pigs", èyí tí Black Sabbath fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde pọ̀. Orin 1970 ni, wọ́n fi ń bú àwọn olórí ogun tí ń rán ọmọ òtòṣì lọ kú. Ẹ wo bí wọ́n ti tò ó: gìtá lu ẹ̀ẹ̀méjì, ó dákẹ́, ohùn ènìyàn bọ́ sí àlàfo náà nìkan, ìlù díẹ̀ ló ń bá a rìn, gìtá tún lu ẹ̀ẹ̀méjì. Àlàfo yẹn jẹ́ ìdẹkùn fún akọrin tó ti rẹ̀, nítorí kò sí ibi ìfarapamọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn èrò kún. Láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ báyìí níbi eré wọn, ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀ eré ni, ní alẹ́ yìí iṣẹ́ ni.

Láti 2005 ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ti jùmọ̀ ṣeré, nítorí pé Bill Ward onílù ti yà kúrò. Ẹni ọdún 77 ni òun náà. Kò pẹ́ tó fi bọ́ aṣọ òkè rẹ̀, ó jókòó sídìí ìlù bí ẹni tó fẹ́ roko. Ìlù rẹ̀ ń fà sẹ́yìn díẹ̀, kò sì péye bí ti àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń díje lọ́sàn-án. A fẹ́ràn rẹ̀ jù wọ́n lọ. Ó ń gbọ́ Geezer Butler, Butler ń gbọ́ Iommi, Iommi ń wo Ozzy láti mọ ìgbà tí èémí rẹ̀ yóò dé. Orin mẹ́rin péré ni wọ́n kọ: "War Pigs", "N.I.B.", "Iron Man" àti "Paranoid". Nínú "Iron Man", ìka tí irin gé ní ọdún 60 sẹ́yìn ń tẹ okùn láìṣìṣe.

A ní ẹ̀sùn kan ṣoṣo sí àwọn tó ya àwòrán náà. Kámẹ́rà kò lè fi ara balẹ̀. Bí ojú kan bá ti ń sunkún láàárín èrò, ó ti sáré lọ bá a, bí ẹni pé a kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dunni bí wọn kò bá fi omijé hàn wá. Ọwọ́ Ozzy ni a fẹ́ rí, bí ó ti di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. A kò rí i tó.

Ó ti kọjá ọ̀gànjọ́ kí a tó tú gbohùngbohùn palẹ̀. Onílé wa kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn ikú dé ní ọjọ́ 22 oṣù náà, òun ni ó kọ́kọ́ pè wá.

Nínú oṣù Kẹjọ, a lọ sí Kétu. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oògùn àti ọ̀rọ̀ òrùlé, a mú fóònù jáde, a fi "War Pigs" ti alẹ́ yẹn han bàbá wa kékeré. Ó gbé etí lé e, ó di ojú, ó gbọ́ ọ dé ìparí. Ó ní gìtá náà ń yára jù fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ó yẹ kí wọ́n dúró dè é. Lẹ́yìn náà ó béèrè iye àwọn tó ń gbè é. A ní wọ́n lé ní ọ̀kẹ́ méjì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó béèrè ẹni tí yóò lé ẹ̀fẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. A dárúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà fún un. Ó ní kí a sọ fún un kí ó wá rí òun, kí ó má sì dá wá, kí ó kó àwọn elégbè rẹ̀ dání.